Koha ní láíbrìrì wa l'Ádó-Èkìtì: ìràwọ̀ mẹ́rin, àti ẹjọ́ "open source" tó gbé wa débẹ̀

Ẹ̀yin tèmi, Èkìtì kẹ̀tẹ̀, mo kí yín o. Látìgbà tí mo ti sọ pé a ti kúrò lórí sọ́fítíwíà tá a ń lò tẹ́lẹ̀ ní láíbrìrì ilé ìwé wa làwọn èèyàn ti ń bi mí pé kí la wá bọ́ sí, ṣé ó dáa, èló ni, ta ló bá wa fi sí i, àwọn pròpráítọ̀ bíi mẹ́ta ti pè mí, ọ̀kan tiẹ̀ pè mí láàárín ìsìn lọ́jọ́ Sunday tí fóònù mi ń ké gbàgà tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú wò mí, torí náà mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ kalẹ̀ kí n lè máa ní kí wọ́n lọ kà á. Koha lorúkọ ẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sọ ibi tí ìràwọ̀ kan yẹn já bọ́ sí. Àmọ́ mi ò lè sọ ti Koha kí n má sọ ti èyí tó wà lórí àga yẹn ṣáájú ẹ̀, torí ìyẹn ló là mí lójú sí ọ̀rọ̀ "open source" tí gbogbo ayé ń pè kiri, èmi tí mo ti rò pé kò ju "ọ̀fẹ́" lọ.

Lọ́dún 2021 ni alága ilé ìwé wa mú ọmọkùnrin kan wá. Ọmọ náà mọ èèyàn kí, kó tó jókòó ó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí simẹ́ńtì, ó ṣí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó fi sọ́fítíwíà láíbrìrì kan hàn wá, bí wọ́n ṣe ń yá ìwé, bí wọ́n ṣe ń dá a padà, bó ṣe ń ka owó ìtanràn fún ọmọ tó bá fi ìwé pamọ́. Ó ní ₦250,000 ni, ẹ̀ẹ̀kan náà, kò sí pé à ń san án lọ́dọọdún. Mo bi í pé tó bá lọ sílùú òyìnbó lọ́la ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, open source ni. Kóòdù ẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi kọ ọ́, wà níta gbangba. Títí ayé lẹ máa lò ó." Títí ayé yẹn ni mo gbọ́, ọkàn mi balẹ̀.

Kí n má parọ́, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìwé bíi 3,400 la kó sínú ẹ̀, èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń ràn mí lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi tẹ̀ ẹ́, ìka ọwọ́ mi wú. Ọdún kan kọjá láìsí wàhálà. Ìgbà tí ilé ìwé ṣí ẹ̀ka kejì sí Ìkéré ni ilẹ̀ mọ́ bá wa. Kọ́pà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nígbà náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó jẹ́ pé Èkìtì wa máa ń pa á lẹ́rìn-ín tá a bá ti ń sọ ọ́ kíákíá, òun ló da sọ́fítíwíà náà kọ lọ sórí kọ̀ǹpútà Ìkéré, lọ́jọ́ kẹta ó ti ti ara ẹ̀ pa, ó kọ ọ́ síwájú gàdàgbà pé ẹ̀dà yìí ò ní ìwé àṣẹ. Mo pe ọmọkùnrin wa.

"Ẹ má bínú mà, ilé ìwé kan ṣoṣo lẹ rà á fún."

"Ṣebí o ní open source ni?"

"Open source ni mà. Ẹ lọ wo GitHub, ibi táwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ń kó kóòdù wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ pérépéré."

"Tó bá wà níbẹ̀ tí mo bá mú un, kí ni mo ṣẹ̀?"

"Ẹ lè wò ó mà. Ẹ kàn ò lè gbé e lọ síbòmíì ni."

Kí n wò ó? Ṣé ẹran inú gíláàsì ni? Ó ní ti Ìkéré máa jẹ́ ₦150,000, ó ní torí pé èmi ni o, ẹlòmíì ò lè rí i bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kọ́pà fà àga súnmọ́ mi, ó ṣí fólídà sọ́fítíwíà náà, fáìlì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ LICENSE sára ẹ̀, láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò ẹ̀. Látọjọ́ tá a ti ń lò ó, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Fáìlì náà ò gùn, kò tó ojú ìwé kan. Ó kọ́kọ́ ní o lè ka kóòdù náà, o sì lè tún un ṣe fún ìlò ara ẹ. Ó dáa. Ó tún ní o ò gbọdọ̀ fún ẹlòmíì, o ò gbọdọ̀ fi sí ju ibì kan lọ. Hẹn. Ó wá ní o ò gbọdọ̀ lò ó fún òwò tàbí ohunkóhun tó ń mówó wọlé. Kọ́pà dákẹ́ díẹ̀, ó wò mí. "Àǹtí, ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé yìí ń san school fees?" Mo ní wọ́n ń san án o, bọ́sà á lé wọn lọ sílé tí wọn ò bá san án. Ó ní, "Ó jẹ́ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti ń rú òfin nìyẹn." A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, torí ẹni tó tà á fún wa mọ̀ pé ilé ìwé aládàáni ni wá, ìwé sọ̀wédowó tó gbà, orúkọ ilé ìwé ló wà lára ẹ̀.

Ibẹ̀ lọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lọ́yẹ̀. Ó ní kí ọ̀rọ̀ open source tó dé rárá, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Richard Stallman, 1983 ló kéde iṣẹ́ GNU, sọ́fítíwíà tí gbogbo èèyàn máa lómìnira láti lò, ó ní ẹni tó bá ní sọ́fítíwíà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè lò ó bó ṣe fẹ́, kó lè wo inú ẹ̀, kó lè tún un ṣe, kó lè pín in fún aládùúgbò ẹ̀. "Free software" ló pè é, àtìgbà yẹn ni wọ́n sì ti ń ṣàlàyé fún àwọn òyìnbó pé "free" tí wọ́n wí yìí kì í ṣe ti owó. Èmi rẹ́rìn-ín síbẹ̀ yẹn. Èdè wọn ló kó wọn sí wàhálà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún méjèèjì, àwa ní ọ̀fẹ́, a ní òmìnira, ọmọ ọdún márùn-ún ò ní ṣì wọ́n pè fúnra wọn. Tí ọmọkùnrin wa bá ti sọ fún mi ní Yorùbá ni, ì bá ti mú ọ̀kan níbẹ̀, ǹ bá sì ti mọ èyí tí mò ń rà.

Ó ní lọ́dún 1998 ni orúkọ "open source" jáde, obìnrin kan tó ń jẹ́ Christine Peterson ló dá a lábàá, lọ́dún yẹn náà ni Bruce Perens àti Eric Raymond dá ẹgbẹ́ Open Source Initiative sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní OSI. Perens ti kọ ìlànà kan sílẹ̀ ṣáájú fún àwọn Debian, ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú Linux kan, Linux tí wọ́n ń fi sórí kọ̀ǹpútà dípò Windows, òun náà ni wọ́n tún ṣe díẹ̀ tó di Open Source Definition, kókó mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún yín. Àkọ́kọ́ ní o ò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti tà á tàbí fún ẹlòmíì. Ìkarùn-ún ní o ò gbọdọ̀ yọ ẹnì kan tàbí àwùjọ kan sẹ́yìn. Ìkẹfà ní o ò gbọdọ̀ ní iṣẹ́ báyìí ni kí wọ́n fi ṣe, iṣẹ́ tọ̀hún ni kí wọ́n má fi ṣe, òwò ni o, ilé ìwé ni o, ilé ìwòsàn ni o. Ẹ wá gbé fáìlì LICENSE wa ka ibẹ̀, ẹ rí i pé ó kọlu àkọ́kọ́ àti ìkẹfà lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòdù tó wà níta, èèyàn ń wò ó ni, kò tíì di open source.

Èmi bá a jiyàn o. Mo ní tẹ́nì kan bá ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ òun ṣe ibi ńkọ́? Ó ní irú ẹ̀ wà, láísẹ́ǹsì kan wà fún JSON, ọ̀nà kan tí sọ́fítíwíà fi ń to dátà, tó sọ pé rere ni kí ẹ fi ṣe, ẹ má fi ṣe ibi, ìlà kan péré, síbẹ̀ àwọn Debian àti ẹgbẹ́ Stallman ò gbà á wọlé. Mo ní kí ló burú níbẹ̀? Ó ní, "Àǹtí, ta ló máa sọ ohun tó jẹ́ ibi?" Mo ronú kan ìlú wa yìí, mo ronú kan àwọn tó ń ṣèjọba, mo gbẹ́nu mi dákẹ́.

Ohun tó wọ̀ mí létí jù ni bó ṣe ṣàlàyé GPL, láísẹ́ǹsì tí Stallman kọ jáde lọ́dún 1989, tí ẹ̀dà kejì dé ní 1991, tí ẹ̀kẹta dé ní 2007. Ó ní o lè mú un, o lè tà á, o lè fi kọ́lé, àmọ́ tó o bá tún un ṣe tó o sì gbé e fún ẹlòmíì, o gbọ́dọ̀ fún un ní kóòdù tìẹ náà lábẹ́ òfin kan náà. Mo ní ah, àáró nìyẹn! Bàbá mi l'Ọ́mùò, àwọn márùn-ún ni wọ́n ń ṣe àáró, lónìí oko ẹ, lọ́la oko mi, ẹni tó bá jẹ tiwọn tí kò wá sí tẹlòmíì, ọdún tó ń bọ̀ òun nìkan ló máa kọ ebè ẹ̀. Ó ní gẹ́lẹ́ ni. Ó ní MIT àti BSD ní tiwọn, bí ẹni ń pín sàárà ni, gbà, jẹ, máa lọ, kìkì kó o má fi orúkọ ẹni tó ṣe é pamọ́, tó o bá dẹ̀ fẹ́ lọ tì í mọ́lé fún ara ẹ, kò sẹ́ni tó máa mú ọ. Méjèèjì ni OSI gbà wọlé. Àáró àti sàárà ò jọra, àwọn tó fẹ́ràn ọ̀kan kì í yé bú àwọn tó fẹ́ràn ìkejì, ìyẹn tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn.

Bọ́sà wa ní tiẹ̀ gbọ́ gbogbo èyí tán ní staff room, ó ní ẹjọ́ orúkọ lásán lẹ̀ ń rò, sọ́fítíwíà ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́? Mo ní bọ́sà, orúkọ lásán yẹn ti fẹ́ gba ₦150,000 lọ́wọ́ yín ní Ìkéré. Ó dákẹ́.

Àmọ́ kí n ṣe òdodo. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ló jẹ́ oníjìbìtì. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Ẹ wo Elasticsearch, sọ́fítíwíà ìwákiri kan, mo mẹ́nu bà á torí pé Koha gan-an lè lò ó láti fi wá ìwé. Láísẹ́ǹsì Apache ló wà tẹ́lẹ̀, tí sàárà yẹn. Amazon mú un, wọ́n ń ta á bí iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn, àwọn tó ni ín ní àwa là ń ro oko, ẹlòmíì ló ń kó o rọjà. Oṣù Kìíní 2021 ni wọ́n kéde pé àwọn yí i padà sí láísẹ́ǹsì tiwọn àti SSPL. SSPL yìí, ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ MongoDB ló gbé e jáde ní 2018, ó ní tó o bá fi sọ́fítíwíà yìí ṣe iṣẹ́ tà fáwọn èèyàn, gbogbo kóòdù tó ń gbé iṣẹ́ ọ̀hún dúró ni kó o tú sílẹ̀. MongoDB gbé e lọ sọ́dọ̀ OSI kí wọ́n fọwọ́ sí i, nígbà tó yá àwọn fúnra wọn gbé e kúrò níwájú wọn, ní 2021 OSI sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe open source. Amazon náà dá ẹ̀dà tiẹ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní OpenSearch. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni Terraform, sọ́fítíwíà mìíràn, ṣe ní Oṣù Kẹjọ 2023, àwọn kan ya kúrò níbẹ̀ wọ́n dá OpenTofu sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Redis, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà, ṣe ní Oṣù Kẹta 2024, Valkey jáde lára ẹ̀. Ohun tó wá dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé Elasticsearch fi AGPL, ọmọ ìyá GPL tí OSI gbà wọlé, kún tiẹ̀ ní 2024, Redis náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2025, àwọn méjèèjì tún rọra yọ́ padà sínú ilé.

Láísẹ́ǹsì tí Terraform bọ́ sí yẹn, Business Source License, ó tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní fún ìgbà kan o ò gbọdọ̀ fi bá ẹni tó ni ín du òwò, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ tí ẹ̀dà yẹn máa di open source. Kọ́pà ní ìwọ̀fà ni, ọjọ́ ìdásílẹ̀ ẹ̀ ti wà nínú ìwé. Èyí ò bí mi nínú rárá. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ìwọ̀fà ni, mo mọ ohun tí mò ń rà. Kódà kí ọmọkùnrin wa ti sọ pé, "Mummy, sọ́fítíwíà mi ni o, ẹ lè wo inú ẹ̀, ilé ìwé kan ṣoṣo ló wà fún," mà á ṣì rà á, ó ṣeé ṣe kí n tiẹ̀ san ti Ìkéré. Èmi náà máa ń jẹ pòǹdò tó bá ti rẹ̀ mí, ó ń yó èèyàn. Kí ẹnì kan l'Ádó yìí wá gbé pòǹdò síwájú mi kó pè é ní iyán kó gba owó iyán, ìyẹn là ń jà sí.

(Kọ́pà tún fẹ́ kí n gbọ́ ti AI, ó ní Meta, àwọn tó ni Facebook, gbé AI kan tó ń jẹ́ Llama 2 jáde ní 2023, wọ́n ń pè é ní open source, láísẹ́ǹsì ẹ̀ sì ní ẹni tó bá ní ju mílíọ̀nù 700 èèyàn tó ń lò ó lóṣù gbọ́dọ̀ wá tọrọ àṣẹ. Mo ní èèyàn mílíọ̀nù 700, mélòó ni gbogbo Nàìjíríà? Ó ní kì í ṣe iye náà, Àǹtí, kókó karùn-ún ni. Ó dáa, mo gbọ́.)

Ó yá, Koha fúnra ẹ̀.

New Zealand ló ti wá, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Levin, àwọn láíbrìrì Horowhenua. Sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò lọ́dún 1999 ò ní lè wọ ọdún 2000, ẹ rántí ìbẹ̀rù Y2K yẹn, dípò kí wọ́n ra òmíì wọ́n gbéṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kékeré kan, Katipo, kí wọ́n kọ tuntun, Oṣù Kìíní 2000 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì gbé e sábẹ́ GPL kí gbogbo láíbrìrì ayé lè lò ó. Koha, èdè Maori ni. Ẹ̀bùn ló ń jẹ́, àmọ́ irú ẹ̀bùn tó jẹ́ pé ìwọ náà mọ̀ pé ó yẹ kó o fún ẹlòmíì lọ́jọ́ mìíràn. Ìgbà tí mo kà á ni mo pariwo pe kọ́pà, mo ní àwọn ará ibí yìí mọ àáró!

Wọ́n dẹ̀ ti gbìyànjú láti gba orúkọ yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ LibLime, tí ilé iṣẹ́ mìíràn, PTFS, ra ní 2010, bẹ̀bẹ̀ fún àmì orúkọ "Koha" ní New Zealand gan-an, inú ilé tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, àwọn láíbrìrì kárí ayé dá owó ẹjọ́ jọ, níkẹyìn wọ́n dá àwọn ará Horowhenua láre. Ẹ̀kọ́ tèmi níbẹ̀ ni pé láísẹ́ǹsì lè ṣí kóòdù sílẹ̀ kí orúkọ ṣì jẹ́ ti ẹnì kan, ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Fífi sórí ẹ̀rọ: kò rọrùn, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Windows ò gbé e, Linux ló ń fẹ́, Debian la lò. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ la rà, ₦140,000, RAM 8GB, ẹ̀rọ tó ń ka báàkóòdù ₦25,000, a fún kọ́pà ní ₦60,000 fún làálàá ẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é, ọjọ́ kẹta torí pé iná lọ nígbà tó ń wa nǹkan sílẹ̀ lórí dátà tèmi. Ìràwọ̀ tó já bọ́, ibí yìí ló já bọ́ sí. Ilé ìwé tí kò bá lẹ́ni tó mọ Linux díẹ̀, kó má dá a dáwọ́ lé. Tí iná bá já lójijì, nígbà mìíràn ìwé tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ kì í jáde nínú ìwákiri àfi kẹ́nì kan tún tò ó sínú atọ́ka, inverter pọn dandan.

Ohun kejì tó máa dẹ́rù bà yín ni MARC, ìlànà tí àwọn láíbrìrì fi ń to àlàyé ìwé. Ẹ ṣí ojú ìwé láti fi ìwé kan kún un, ẹ ó rí nọ́ńbà, 020, 100, 245, 260, bí ẹni ń ka nọ́ńbà lọ́tìrì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sunkún lórí ẹ̀. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé 245 ni àkọlé, 100 ni ẹni tó kọ ọ́, 020 ni ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, orí mi pé. Ó tún ní ọ̀nà kan tí ẹ lè gbà tẹ ISBN kó lọ bá yín fa àlàyé ìwé náà wá láti Library of Congress ní Amẹ́ríkà, Z39.50 ni wọ́n ń pè é. Ìwé òyìnbó, wàrà ló ń wá. Àwọn ìwé kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí l'Ádó níbí, kò sí níbẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́ ni.

Ti àwọn 3,400 tá a ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù ti bà mí pé a tún máa tẹ̀ ẹ́. Sọ́fítíwíà àtijọ́ gbà wá láyè láti kó wọn jáde bí tábìlì Excel, kọ́pà fi MarcEdit yí wọn padà sí MARC. MarcEdit yìí gan-an, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ ò ṣí sílẹ̀, mi ò dẹ̀ rí ẹni tó ń pè é ní open source. Ọ̀fẹ́ láìsí òmìnira, kò sì sẹ́ni tó tàn wá jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tó mú inú mi dùn. A ní ìwé Yorùbá tó pọ̀ díẹ̀, mo dẹ̀ ń fi àmì ohùn sí orúkọ wọn, mi ò lè kọ "Ọwọ́" bí ẹni tó ń kọ "owo". Àwọn ọmọ ò ní àmì lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n ń tẹ "itan", Koha ní kò sí. Ìwé mọ́kànlá tí "Ìtàn" wà lára orúkọ wọn, gbogbo wọn wà lórí sẹ́ẹ̀fù lẹ́yìn mi, ó ní kò sí! Kọ́pà lọ ka ìwé àlàyé ẹ̀, ó rí i pé ọ̀nà méjì ló ní tó fi ń to ọ̀rọ̀, ó yí i sí èyí tí wọ́n ń pè ní ICU, ó tún atọ́ka ṣe, ó ní Àǹtí ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ "itan" láìsí àmì. Mọ́kànlá, wọ́n tò kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohùn wọn lórí. Ọmọ Jss2 kan tó dúró lẹ́yìn mi pàtẹ́wọ́.

Yíyá ìwé àti dídá a padà, kò sí ẹjọ́, ẹ yìnbọn báàkóòdù sára káàdì ọmọ, ẹ yìn ín sára ìwé, ó parí. Ẹ̀dà tuntun ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Kọkànlá, nọ́ńbà ẹ̀ sì ni ọdún àti oṣù tó jáde, nǹkan tó yé èèyàn. Ojú iṣẹ́ tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì wà. Tẹ́nì kan nínú yín bá fẹ́ ká jọ túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, mo wà níbẹ̀, láísẹ́ǹsì ò dí wa lọ́wọ́.

Ìkéré ńkọ́? Koha mọ ohun tí ẹ̀ka jẹ́ látilẹ̀, orúkọ ẹ̀ka la kàn fi kún un, àwọn ọmọ Ìkéré ń rí ìwé Adó, wọ́n lè ní ká bá wọn mú un bọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí pé èló. Kọ́pà ti parí ìsìnrú ìlú ẹ̀, kò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ o, ó gba yàrá kan ní Bashiri, ó ń bá àwọn ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì fi Koha sórí ẹ̀rọ, ó ń gbowó iṣẹ́ ẹ̀, ó ní oṣù tó kọjá òun ṣe mẹ́ta. Ọmọ tí ò kọ ìlà kan nínú kóòdù yẹn, ó ń fi jẹun l'Ékìtì, àwọn tó kọ ọ́ ní New Zealand ò sì ní bínú sí i, òfin wọn ló gbà á láyè. Gbólóhùn tí LICENSE ọmọkùnrin wa fi gégùn-ún fún wa yẹn, pé ká má fi ṣòwò, ká ní ó wà nínú ti Koha ni, ọmọ yìí ì bá má rí i fi jẹun.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra sọ́fítíwíà èyíkéyìí tí wọ́n bá ní open source ni: kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí fáìlì LICENSE lójú yín. Ẹ bi wọ́n pé tí mo bá fi sí ẹ̀ka kejì ńkọ́, tí mo bá fún ọ̀rẹ́ mi ńkọ́, tí mo bá gbowó lé e ńkọ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ béèrè owó pòǹdò.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, láíbrìrì wa ń ṣí láago mẹ́jọ sí mẹ́rin, Monday sí Friday, Tuesday ni mo máa ń wà ní Ìkéré. Pròpráítọ̀ tó bá fẹ́ nọ́ńbà ọmọ Bashiri, ẹ tẹ̀ mí láago, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe nígbà ìsìn.